Ẹ̀rọ Tí A Kò Lè Gbé: Bí A Ṣe Ń Fi Mainframe Han Oníbàárà Láti Òkèèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọ̀nà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ méjì mẹ́ta kí ẹ tó dé ibí. Bí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà lóde òní, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Mainframe ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: kọ̀ǹpútà ràgàjì tí àwọn báńkì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ìjọba fi ń ṣírò owó, tí wọ́n sì fi ń pa àkọsílẹ̀ wọn mọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta sọ́fúwíà mainframe ṣiṣẹ́ nílùú London. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni pé kí n lọ bá oníbàárà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí n fi ọjà wa hàn án kó tó tọwọ́ bọ àpò.

Ẹni tó ń ta aṣọ a tẹ́ ẹ sílẹ̀, oníbàárà a fọwọ́ kàn án, a gbé e sójú oòrùn wò. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ a ní kí oníbàárà wọlé, kó wà á yí àdúgbò ká. Àwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa wà nínú yàrá títutù kan ní ìpínlẹ̀ Texas, iná rẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọ lọ́tọ̀. Oníbàárà sì lè wà ní Leeds tàbí Brussels. Ohun kan ṣoṣo tí a lè gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà tó já sí ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀nà yẹn gan-an ni oníbàárà ń yẹ̀ wò. Ní wákàtí kan péré, kò sí bó ṣe lè mọ gbogbo inú sọ́fúwíà wa. Ohun tó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ni bóyá ohun tó tẹ̀ dé ibi tó ń lọ, bóyá èsì padà wá, àti bóyá èsì náà jẹ́ òótọ́.

Àwa kọ́ la dá àfihàn láti òkèèrè sílẹ̀. Ó ti wà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa tó wà níbí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1940, ẹ̀rọ ìṣirò kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ní New York. George Stibitz ló ronú rẹ̀, Samuel Williams ló bá a kọ́ ọ. Ríléè ló kún inú rẹ̀, ìyẹn àwọn irin kékeré tí iná mànàmáná ń fà mọ́ra tó tún ń tú sílẹ̀, irú èyí tó wà nínú ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù nígbà náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Owewe ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe ìpàdé ní Dartmouth College, ní Hanover, ìpínlẹ̀ New Hampshire. Stibitz fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti New York dé Hanover lé ní 300 kìlómítà, ẹ̀rọ náà kò sì ṣeé tú palẹ̀ kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀. Ohun tó gbé lọ ni teletype, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ okùn tẹlifóònù. Àwọn tó wà ní ìpàdé ń tẹ ìṣirò wọn sí i, ó ń lọ sí New York, èsì sì ń padà wá tẹ ara rẹ̀ sórí bébà lójú wọn, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ kíyè sí ohun tí Stibitz ṣe níbẹ̀, nítorí òun ni mo wá sọ gan-an. Ó dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó tẹ nọ́ḿbà tiwọn. Norbert Wiener, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò, jókòó sí i. John Mauchly náà jókòó sí i. Òun àti Presper Eckert ni wọ́n padà kọ́ kọ̀ǹpútà ENIAC tí aráyé rí ní oṣù Èrèlé ọdún 1946. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Bí Stibitz bá ti ṣe ìṣirò mẹ́wàá sílẹ̀ láti ilé, tó wá ń kà á fún wọn, wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún un, wọn ì bá sì gbàgbé rẹ̀ kó tó di alẹ́. Àmọ́ nọ́ḿbà tí àwọn fúnra wọn mú wá ló lọ tó sì bọ̀.

Èkejì tí mo máa ń rántí ni ti Douglas Engelbart, olùwádìí nípa kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1968, ní San Francisco. SDS 940 ni ẹ̀rọ tirẹ̀. Kì í ṣe irú mainframe tí báńkì ń lò, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò lẹ́ẹ̀kan náà ni, ó sì wà ní Menlo Park, nǹkan bí 48 kìlómítà sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Bill English, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló to ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà wá láti Menlo Park, lórí ìgbì máíkíróweéfù, nígbà tí ohun tí Engelbart ń tẹ̀ ń gba okùn tẹlifóònù padà lọ nípasẹ̀ modem, ẹ̀rọ tó ń sọ détà di ohùn orí tẹlifóònù, tí eré rẹ̀ kò ju 1,200 bit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá; bit ni ẹyọ détà tó kéré jù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ló jókòó tí wọ́n ń wò ó fún ìṣẹ́jú 90. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ rí mouse. Bí mo bá ń ronú nípa ọjọ́ yẹn, English ni mo máa ń rò jù. Orúkọ Engelbart ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká ní okùn kan já lọ́jọ́ náà, ohun tí àwọn èèyàn ì bá rí kò ju ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ògiri funfun.

Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀nà yìí dé ọwọ́ àwọn òǹtajà lásán bíi tèmi. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé terminal kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà ńlá sọ̀rọ̀, tó dà bí àpótí ìrìnnà, wọ ọ́fíìsì oníbàárà. Texas Instruments ń ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Silent 700. Ó ní bébà tí ooru ń kọ nǹkan sí, ó sì ní ihò méjì tí rọ́bà yí ẹnu wọn ká. Òǹtajà yóò bẹ oníbàárà pé kó yá òun ní tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀, yóò tẹ nọ́ḿbà, yóò gbọ́ tí ẹ̀rọ lókèèrè ń súfèé, yóò wá ti ẹnu àti etí tẹlifóònù náà bọ inú ihò méjèèjì. Súfèé yẹn ni détà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò fi wáyà so ó tààrà. Òfin ni. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni so ohun tí kì í ṣe tiwọn mọ́ okùn wọn, títí FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso tẹlifóònù níbẹ̀, fi dá ẹjọ́ Carterfone ní ọdún 1968 tó sì ṣílẹ̀kùn yẹn. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà pàápàá, ẹni tó ń ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ṣì nílò ihò rọ́bà yẹn, torí kò lè tú ògiri oníbàárà láti wá ojú wáyà.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Irú terminal yẹn ń gbé 300 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lẹ́tà 30. Bí ojú ìwé kan bá ní lẹ́tà 1,920, yóò gba ìṣẹ́jú kan ó lé kó tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ rò ó wò ná: ọ̀gá báńkì jókòó síwájú rẹ, ẹ jọ ń wo bébà tó ń jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tí o lè ṣe. Àwọn àgbà yẹn ní ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ láti máa sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan bá ń falẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ̀rọ ń wá ìwé yín láàárín ìwé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, ẹ jẹ́ ká dúró dè é." Oníbàárà a sì dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọdún 1971 ni IBM gbé terminal 3270 jáde. Ojú gíláàsì ni tirẹ̀, kì í ṣe bébà mọ́. Ìlà 24 ló wà lójú rẹ̀, àyè lẹ́tà 80 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni 1,920 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti wá. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kì í fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. O lè kọ orúkọ, kí o pa á rẹ́, kí o tún un kọ, kí o bọ́ sórí ìlà mìíràn. Mainframe kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbà tí o bá tẹ Enter tàbí ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì PF ni terminal yóò tó kó ohun tí o yí padà pọ̀, tí yóò sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèyàn a kọ ìwé rẹ̀ tán nílé kó tó mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń sáré lọ síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí kí wáyà àti mainframe má baà ṣe wàhálà púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń tẹ ẹ̀rọ kan náà. Àmọ́ ẹ̀bùn ńlá ló jẹ́ fún àwa tó ń ṣe àfihàn láti òkèèrè. Láti London dé Dallas ju 7,000 kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè yá ju ìdá 7 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nígbà tí ó bá fi máa la gbogbo oríta nẹ́tíwọọ̀kì kọjá, a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ló gbà, àlọ àti àbọ̀ a tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá ní láti lọ kó bọ̀ kó tó hàn lójú rẹ, ọwọ́ rẹ yóò máa ṣáájú ojú, wàá máa ṣì í tẹ̀, ara oníbàárà kò sì ní balẹ̀. Lórí 3270, ìgbà tí o bá tẹ Enter nìkan ni ìdádúró yẹn ń wáyé, kò sì sí ẹni tó ń fura sí i. Ohun tó ń gba wáyà kọjá náà kò tó nǹkan. Àwòrán kan tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí lè wúwo ju gbogbo ohun tí terminal mi fi ránṣẹ́ ní odidi wákàtí àfihàn.

Nígbà tí mo máa fi dé ẹnu iṣẹ́, terminal gidi ti ń kúrò lórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà lásán ló ń ṣe bíi 3270, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀nà. Ìlànà tí wọ́n fi ń gbé 3270 gba orí Telnet, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà kan fi ń wọ òmíràn láti òkèèrè, ni wọ́n ń pè ní TN3270. Ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 1041 ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1988, ẹ̀yà tó gbòòrò sì jáde ní ọdún 1994. Ọ̀nà ti wá rọrùn ju ti ìgbà súfèé lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí wàhálà jù.

Mo lọ sí báńkì kan lọ́dún kan. Èèyàn 12 ló jókòó. Wọ́n ti ṣèlérí fún wa lórí fóònù pé ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́. Mo ki wáyà bọ ògiri, mo ṣí terminal, kò sí ohun tó dáhùn. Firewall wọn, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọọ̀kì wọn, ti pa port 23, ìlẹ̀kùn tí Telnet ń gbà. Wọn kò jẹ̀bi o! Telnet lásán ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà lọ ní ìhòòhò, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè kà á. Ẹni tó ṣèlérí fún wa wà ní ẹ̀ka òwò. Àwọn tó ni firewall wà nínú ilé mìíràn, wọn kò sì gbọ́ nípa wa rí. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ní kí n so kọ̀ǹpútà mi mọ́ fóònù òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Kọ̀ǹpútà mi ṣì wà lórí wáyà báńkì. Bí mo bá tún so ó mọ́ fóònù nígbà kan náà, mo ti fi ara mi ṣe afárá láàárín ìta àti inú ilé onílé, firewall tí wọ́n sanwó rẹ̀ a sì di asán. Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà kò ṣí, mo ya bí nǹkan ṣe rí sójú pátákó, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Ojú tì mí títí mo fi délé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni firewall kí n tó béèrè iye àwọn tó máa wá. Mo ń béèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. TLS, tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ni mo ń lò, lórí port 992, mo sì ń bẹ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan dán an wò láti inú yàrá tí a máa lò gan-an, láti ojú wáyà tí a máa lò gan-an. Yàrá kejì kò tó, torí ojú wáyà méjì lórí ògiri kan náà lè jẹ́ ti nẹ́tíwọọ̀kì méjì tí kò mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà náà ti dójú tì mí rí. RACF, tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mainframe láti ọdún 1976, a máa ní kí èèyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́yìn iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Tèmi parí ní ọjọ́ Àìkú, àfihàn sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo fi ìkánjú tẹ tuntun, mo ṣì í tẹ̀, mo tún un tẹ̀, ó sì ti orúkọ mi pa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ní London, aago mẹ́ta òru ni ní Texas, ẹni tó lè ṣí i fún mi wà lójú oorun. Láti ìgbà yẹn, orúkọ ìwọlé méjì ni mo máa ń mú dání, ẹni kan sì máa ń wà lójúfò fún mi níbi tí ẹ̀rọ wà.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù kéré lójú. Nínú mainframe, EBCDIC ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, kì í ṣe ASCII tí kọ̀ǹpútà kékeré ń lò. EBCDIC yìí sì ní ẹ̀yà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń lò. Nínú ẹ̀yà 037 ti Amẹ́ríkà, nọ́ḿbà 5B ló dúró fún àmì dọ́là. Nínú ẹ̀yà 285 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5B yẹn kan náà ni àmì pọ́n-ùn. Dọ́là ni wọ́n fi kọ owó inú ìwé àfihàn wa ní Texas. Lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, tí wọ́n ti tò sí 285, gbogbo rẹ̀ di pọ́n-ùn. Èmi kò rí i. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń mójú tó ìwé owó wọn ló béèrè pé, "Ṣé pọ́n-ùn ni owó yìí lóòótọ́?" Nọ́ḿbà kan náà, àmì ọ̀tọ̀, owó sì ti yàtọ̀. Mo dá àfihàn dúró, mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, mo yí ẹ̀yà náà padà lójú wọn, dọ́là sì hàn. Lẹ́yìn náà ni ìyá yẹn sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí ó ń dùn mí: nínú 037 àti 285, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ Ṣọlá, Sola ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n sí, àní bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pé títí dé kọ́bọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti gbé mainframe fúnra rẹ̀ lọ. IBM gbé XT/370 jáde ní ọdún 1983, káàdì inú kọ̀ǹpútà kékeré tó lè ṣe ètò System/370, ìyẹn mainframe IBM. Ní àwọn ọdún 1990, P/390 tó jọ ọ́ dé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fúwíà sì fi ṣiṣẹ́. Lóde òní, zPDT wà, sọ́fúwíà tó ń mú kọ̀ǹpútà kékeré ṣe bíi mainframe, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Mo ti lò ó, ó sì wúlò níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò sí rárá. Àmọ́ èmi kì í fi í ṣe àkọ́yàn. Oníbàárà fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe máa rí lórí ẹ̀rọ tó ń ru ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí tó wà lórí itan mi kò sì lè fi ìyẹn hàn án.

Ti fídíò wá ńkọ́? Ní ọdún kan tí ọ̀nà ń dà wá láàmú, ọ̀gá kan ní kí a gba àfihàn sílẹ̀ sórí fídíò, kí a máa gbé e sójú ògiri bí ẹni pé ẹ̀rọ ń ṣe é lọ́wọ́, kí òǹtajà sì máa fi ọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù lásán. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lọ láìkọsẹ̀, títí ọkùnrin kan fi na nọ́ḿbà kan sí mi lórí bébà kékeré, ó ní, "Ẹ bá mi tẹ èyí." Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tí mo lè tẹ. Mo ní ọ̀nà ti já, irọ́ kejì nìyẹn lórí èkíní. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi kò lọ tó ogún ìṣẹ́jú. Bí ọkùnrin náà ṣe ká bébà rẹ̀ padà sápò kò kúrò lójú mi dòní. Ohun kan náà tí Stibitz fún Wiener àti Mauchly ló béèrè lọ́wọ́ mi.

N kò ní kí ẹ má ṣe ní fídíò. Ẹ ní i, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ àpò. Bí ọ̀nà bá di, ẹ sọ pé ó di, ẹ sọ pé fídíò ọjọ́ báyìí ni ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n, ẹ wá fi hàn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí oníbàárà tó bínú sí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí àlejò jókòó tẹ ohun tó wù ú, ibi tí o máa mú un wọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò ti lè ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́. Sọ́fúwíà z/VM, tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti CP-67 ọdún 1967 àti VM/370 ọdún 1972, lè pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Tèmi ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan a ní tirẹ̀, tí a ti da ìwé àfihàn sí lára. Bó bá fẹ́, kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní ọ̀la, a ó dá a padà sí bó ṣe wà. Ìwé oníbàárà gidi kan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, orúkọ ìwọlé tí a fún wọn sì gbọ́dọ̀ kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní Sweden, ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé àwọn kan ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ mainframe kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ará ìlú, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 2013. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mainframe kò ṣeé wọ̀, ìlẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kò tíì wò.

Kí n tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àbúrò òun wà ní Abẹ́òkúta, ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ṣé ọ̀nà wà tí irú rẹ̀ lè gbà fojú kan mainframe láìjẹ́ pé ó wá sí òkè òkun. Ọ̀nà wà, ọmọ mi. IBM ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Z Xplore, ọ̀fẹ́ ni, VS Code, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ń wọlé sí i láti orí kọ̀ǹpútà lásán, z/OS gidi, sọ́fúwíà tó ń darí mainframe, ló sì wà ní òdìkejì. Bó bá fẹ́ ní tirẹ̀ nílé, Hercules wà, sọ́fúwíà tó ń mú kọ̀ǹpútà lásán ṣe bíi mainframe, èyí tí Roger Bowler gbé jáde ní ọdún 1999, MVS 3.8j, irú z/OS àtijọ́, sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsan owó. Kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé. Kó wá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdàkejì ìlú pẹ̀lú terminal, kó gba ọ̀nà tó ní ààbò wọlé, kó rí READY lójú rẹ̀, tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé òun ti ṣe tán, kó dìde lórí àga, kó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó, kó tẹ nọ́ḿbà tó bá wù ú.